Ẹ Kọ́kọ́ Béèrè Ẹni Tó Ni Wákàtí Ọmọ

Ó ti pé ọdún mẹ́sàn-án tí èmi àti àwọn aládùúgbò mi ní Ṣómólú ti ń kó àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba jọ lẹ́yìn tí wọ́n bá jáde ní ọ̀sán, tí a sì ń kọ́ wọn ní tẹ́nìsì orí tábìlì. Àwọn ènìyàn láti Bàrígà, Mùṣín àti Ajégúnlẹ̀ máa ń wá béèrè bí àwọn náà ṣe lè bẹ̀rẹ̀ irú rẹ̀ ní àdúgbò wọn, ohun tí wọ́n sì máa ń kọ́kọ́ bi mí ni iye tí wọ́n ń ta tábìlì. Ọ̀rọ̀ tábìlì kọ́ ló yẹ kó ṣáájú, mo sì fẹ́ ṣàlàyé ohun tó kọ́ mi bẹ́ẹ̀.

Ìdí tí a fi yan eré yìí kò le. Ṣómólú kò ní pápá tó pọ̀. Ilé fara ti ilé, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ń dún láti òpópónà kan dé òmíràn, ibi tí ọmọdé sì ti lè rí àyè gbá bọ́ọ̀lù náà ni kẹ̀kẹ́ Márúwá àti ọkọ̀ akérò ń gbà kọjá. Gígùn tábìlì kan jẹ́ mítà 2.74, fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mítà 1.525, nítorí náà méjì lè dúró sínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé-ìwé kí òjò má sì pa wọ́n. Káfíńtà kan ní àdúgbò wa fi plywood kàn wọ́n fún wa, owó pákó nìkan ni ó sì gbà. Àwọn ọmọ náà kò ṣaláìní ẹni tí wọ́n lè wò: Segun Toriola àti Funke Oshonaike, tí ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn lọ sí ìdíje Òlíḿpíìkì nígbà méje, àti Quadri Aruna ọmọ Ọ̀yọ́, tó wà lára àwọn mẹ́jọ tó ṣẹ́kù sínú ìdíje ní ìpele kúọ́tà-fáínà Ife Àgbáyé tẹ́nìsì orí tábìlì ọdún 2014.

Ní ọjọ́ Ajé àkọ́kọ́, ọmọ mẹ́tàlélógójì ni ó wá. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ kẹta fi máa parí, mẹ́rìnlá péré ni ó kù. Mo bínú, mo sì sọ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ mi pé àwọn òbí wọ̀nyí kò mọ iyì ohun tí a gbé wá fún wọn. Ọ̀rọ̀ yẹn ṣì ń dùn mí títí di òní, nítorí pé nígbà tí mo wá rìn láti ilé dé ilé láti béèrè ibi tí àwọn ọmọ wà, mo rí i pé kò sí ọ̀kan nínú wọn tó ń jókòó lásán. Ọmọ kan ń kiri píọ́ wọ́tà ní ibùdókọ̀. Òmíràn ní láti lọ mú àbúrò rẹ̀ ní ilé-ìwé jẹ́léósinmi, kí ó sì máa ṣọ́ ọ títí ìyá wọn yóò fi ti ọjà dé. Àwọn kan wà ní ilé kéú. Ọ̀pọ̀ wọn ló sì wà ní lẹ́sìn lọ́dọ̀ tíṣà wọn, tí owó kékeré tí àwọn òbí ń san fún lẹ́sìn náà jẹ́ ara ohun tí tíṣà fi ń gbọ́ bùkátà. Wákàtí tí mo rò pé ó ṣófo, ó ní ẹni tó ni ín, kò sì sí ẹni tó tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ olówó rẹ̀.

Ìyá Ìbejì ni ó sọ ọ́ fún mi jẹ́jẹ́, níwájú ìsọ̀ rẹ̀: “Bọ̀dá, mo mọ̀ pé ire ni ẹ gbé wá. Ṣùgbọ́n owó omi tí Táíwò bá tà láàárín aago méjì sí mẹ́rin ni mo fi ń se oúnjẹ alẹ́.” Mo mọ̀ pé òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti ọdún 2003, tí ìpínlẹ̀ Èkó sọ di tirẹ̀ ní ọdún 2007, kò fẹ́ kí ọmọdé máa kiri ọjà ní títì. Mo gbà pẹ̀lú òfin náà tọkàntọkàn. Síbẹ̀, ẹni tó bá ka òfin sí ìyá létí láì bá a wá bí ìkòkò yóò ṣe gorí iná kò tíì ràn án lọ́wọ́. Ohun tí a jọ fẹnu kò sí ni pé ọjọ́ mẹ́ta péré ni Táíwò yóò máa wá láàárín ọ̀sẹ̀, àti pé ọwọ́ ìyá rẹ̀ ni a ó ti máa ra gbogbo omi tí àwọn ọmọ ń mu níbi eré. Àpò omi tí a ń rà náà ju èyí tí ọmọ náà ń tà ní ibùdókọ̀ lọ.

Bí a ṣe bá àwọn yòókù náà sọ̀rọ̀ nìyẹn. Alùfáà ilé kéú ní òun kò bẹ̀rẹ̀ títí a ó fi kí ìrun Alásárì tán, nítorí náà a fi eré sí aago méjì ààbọ̀, a sì ń jáwọ́ kí ó tó di aago mẹ́rin. Láti ìgbà náà, òun fúnra rẹ̀ ni ó ń béèrè lọ́wọ́ wa bí ọmọ kan kò bá wá. Àwọn tíṣà ni ó pẹ́ jù kí a tó rí ojútùú ọ̀rọ̀ wọn, n kò sì dá wọn lẹ́bi. A ní kí wọ́n máa ṣe lẹ́sìn ní ọjọ́ méjì tí kò sí eré, a sì gba méjì nínú wọn láti máa mú ìwé orúkọ dání, kí wọ́n máa gba owó díẹ̀ lóṣooṣù.

Àwọn onítẹ̀wé ni ó ń san owó náà. Iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni a mọ Ṣómólú mọ́, kò sì sí àgbègbè tí kò ní irú iṣẹ́ tirẹ̀. Ẹni tó ń ṣe é níbẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ bá kí ẹ tó kọ lẹ́tà sí ilé-iṣẹ́ ńlá. Wọ́n ń tẹ káàdì fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń fún wa ní ìwé tó ṣẹ́kù lára iṣẹ́ láti fi ṣe àkọsílẹ̀ àmì ayò, ojoojúmọ́ ni wọ́n sì ń rí àwọn ọmọ náà. Ilé-iṣẹ́ kan wá rí ní ọdún kejì, ó kó ọgọ́ta jẹ́sì wá, wọ́n ya fọ́tò, a kò sì tún gbúròó wọn mọ́, bẹ́ẹ̀ oṣù yẹn gan-an ni ẹyin tán lọ́wọ́ wa. (Ẹyin ni a ń pe bọ́ọ̀lù kékeré náà, àwọn ọmọ a máa tẹ̀ ẹ́ fọ́.) Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ ṣoore báyìí, ẹyin àti owó ọkọ̀ kóòṣì fún oṣù mẹ́fà ni mo máa ń tọrọ.

Ní ti àwọn ọmọbìnrin, ìbéèrè kan náà ni gbogbo ìyá bi mí: “Obìnrin wo ló wà níbẹ̀?” Kò sí. Àwa ọkùnrin mẹ́rin ni a wà níbẹ̀, inú rere wa kò sì jẹ́ ìdáhùn sí ìbéèrè ìyá tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ọmọ nílùú. Ìgbà tí a rí kóòṣì obìnrin ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í dúró, a sì ṣe é ní òfin pé kò gbọdọ̀ sí àgbàlagbà kan ṣoṣo pẹ̀lú ọmọ kan níbikíbi nínú ọgbà, ì báà jẹ́ èmi.

Ohun kan tún kù. Ọ̀rọ̀ ẹnu ni a bá ọ̀gá ilé-ìwé sọ ní ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé e lọ sí ibòmíràn, ẹni tó rọ́pò rẹ̀ kò mọ̀ wá rí, géètì sì wà ní títì fún oṣù méjì. Ẹ jẹ́ kí àdéhùn wà nínú ìwé, kí ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ fọwọ́ sí i, kí ẹ̀dà kan sì wà lọ́dọ̀ àwọn tó ń bójú tó ẹ̀kọ́ ní ìjọba ìbílẹ̀. Ẹ má gbàgbé máìgádì, nítorí pé àkókò ìsinmi tirẹ̀ ni ẹ ń lò. Kọ́kọ́rọ́ kan wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìkejì wà lọ́wọ́ Ìyá Ìbejì, nítorí pé ìsọ̀ rẹ̀ ni ó sún mọ́ géètì jù.