Ìbéèrè táwọn ìyá máa ń bi mí

Iṣẹ́ ò lọ rárá lónìí ní lábù wa, níbi tá a ti ń wádìí bí ìkókó ṣe ń ronú. Ọmọ tó wá láàárọ̀ ti sùn lọ fọnfọn ká tó dé e ní fìlà EEG, ìyẹn fìlà tó ń ka iná kékeré inú ọpọlọ, èyí tó tẹ̀ lé e ò tiẹ̀ fẹ́ ká fọwọ́ kan orí òun, ó ké títí ìyá ẹ̀ fi gbé e mọ́ra tó fún un lọ́mú, la bá dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, a ní kí wọ́n máa lọ sinmi. Àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi fajú ro. Mo ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀, bí iṣẹ́ yìí ṣe rí nìyẹn látọjọ́ tí mo ti wà nínú ẹ̀, oorun, ebi, ìtọ̀, ẹkún, èyíkéyìí nínú wọn lè ba dátà jẹ́, kò sì sẹ́ni tó máa bẹ ọmọ oṣù 5 pé kó jọ̀ọ́ kó ní sùúrù fún wa.

Ohun tó fà mí sídìí iṣẹ́ yìí gan-an ni pé ẹni tá a fẹ́ bi léèrè ò tíì lè fọhùn. Ojú tó fi ń wòran, ẹnu tó fi ń mu ọmú, iná kékeré tó ń lọ nínú ọpọlọ ẹ̀, ohun tó ní kò jù bẹ́ẹ̀ lọ, ibẹ̀ náà la ti ń wá ìdáhùn. Láti ìparí àwọn ọdún 1950 ni Robert Fantz ti ń gbé àwòrán méjì síwájú ìkókó táá sì máa wo ibi tí ojú ọmọ bá lọ, ó wá rí i pé wọn kì í wò wọ́n dọ́gba, èyí tó ní àrà lára ló máa ń wù wọ́n wò ju èyí tó ṣófo. Ní 1971 Peter Eimas àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ní káwọn ọmọ oṣù 1 àti oṣù 4 máa fa rọ́bà lẹ́nu, wọ́n ń fi ẹ̀rọ ka bí wọ́n ṣe ń fà á, bí ohùn bá yí láti "ba" sí "pa", àwọn ọmọ yẹn tún bẹ̀rẹ̀ sí í fà á kíkankíkan. Wọ́n gbọ́ ìyàtọ̀ ẹ̀! Kò sígbà tí mo ka ìyẹn tí inú mi kì í dùn.

Èyí tó gba ọ̀pọ̀ ọdún lọ́wọ́ mi ni ọ̀rọ̀ nǹkan tó bá pamọ́. Jean Piaget, onímọ̀ nípa ìrònú ọmọdé, ní ọmọ tí kò tíì tó nǹkan bí oṣù 8, tó o bá fi aṣọ bo ohun tó ń wò, kò ní wá a, bíi pé nǹkan yẹn ti tán láyé. Ní 1985, Renée Baillargeon, Elizabeth Spelke àti Stanley Wasserman gbé pátákó kan síwájú àwọn ọmọ oṣù 5, pátákó yìí máa ń dìde nílẹ̀ táá lọ sùn sí òdìkejì. Lẹ́yìn náà wọ́n gbé àpótí sẹ́yìn ẹ̀, ọmọ sì rí àpótí yẹn kí pátákó tó bò ó. Tí pátákó bá dúró níbi tó ti kan àpótí, ọmọ ò fi bẹ́ẹ̀ kà á sí, àmọ́ tó bá kọjá lọ sùn bíi pé kò sí nǹkan níbẹ̀, ojú ọmọ ò ní kúrò lára ẹ̀ bọ̀rọ̀. Àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀ lórí ìyẹn: ṣé ọmọ mọ̀ pé àpótí ṣì wà níbẹ̀ ni, àbí bí pátákó yẹn ṣe ń lọ ló kàn ń wò? Èmi rò pé ọmọ mọ nǹkan kan, mo sì máa ń sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n pé ọmọ wo nǹkan pẹ́ yàtọ̀ sí pé ó lóye ẹ̀ bí àgbà ṣe lóye ẹ̀, àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi mọ̀ pé mi ò kí ń fojú kékeré wo ìyàtọ̀ yẹn. Ẹ wo ọ̀rọ̀ pé ọmọ tuntun ń yọ ahọ́n tó bá rí àgbà tó yọ ahọ́n, èyí tí Meltzoff àti Moore gbé jáde ní 1977. Gbogbo ìwé ló gbé e, àfi nígbà tó di 2016 tí wọ́n tẹ̀ lé ọmọ tó lé ní 100 ní Ọsirélíà tí wọn ò rí i.

Àwọn ìyá ò bìkítà fún àríyànjiyàn wa o, wọn ò sì jẹ̀bi. Bí wọ́n bá ti ń di ọmọ sẹ́yìn, wọ́n á rọra bi mí pé, "Dókítà, ẹ̀yin náà rí i, ṣé ọpọlọ ẹ̀ jí dáadáa?" Wọ́n bi mí lónìí náà. Mi ò lè dáhùn, ọ̀rọ̀ ọ̀pọ̀ ọmọ tá a pa pọ̀ la máa ń sọ, ìwò ìṣẹ́jú díẹ̀ tí ọmọ kan wò lọ́dọ̀ wa ò lè sọ irú ẹni tó máa dà. Ó máa ń dùn mí, ọmọ kan ṣoṣo yẹn ni ìyá ẹ̀ ń gbé lọ sílé, kì í ṣe ìpíndọ́gba.

Ohun tí mo máa ń sọ fún wọn ni èyí tó dá mi lójú. Ní Bucharest, lórílẹ̀-èdè Romania, láti ọdún 2000, Charles Nelson, Nathan Fox àti Charles Zeanah tẹ̀ lé ọmọ 136 tó wà nílé àwọn ọmọ tí ò lóbìí lọ́dọ̀, wọ́n fa ìdajì wọn lé ìdílé tó máa tọ́jú wọn lọ́wọ́, nígbà táwọn ọmọ yẹn fi pé ọdún 8, EEG àwọn tó jáde kí wọ́n tó pé ọdún 2 ti dà bíi ti ọmọ tó dàgbà lọ́dọ̀ òbí ẹ̀. Patricia Kuhl náà, ní 2003, mú àwọn ọmọ oṣù 9 ní Amẹ́ríkà, ó ní káwọn èèyàn máa fi Mandarin, èdè àwọn ará Ṣáínà, bá wọn ṣeré, wọ́n gbọ́ ìró èdè yẹn mọ́ra, àmọ́ àwọn tó jẹ́ tẹlifíṣọ̀n ni wọ́n ti gbọ́ ọ ò rí nǹkan kan mú níbẹ̀. Nígbà tí lábù tó lé ní 60 da iṣẹ́ wọn pọ̀ tí wọ́n gbé e jáde ní 2020, lórí ọmọ tó lé ní 2,000, ó hàn lóòótọ́ pé ohùn dídùn tá a fi ń bá ìkókó sọ̀rọ̀ ló máa ń wù wọ́n gbọ́ ju èyí tá a fi ń bá àgbà sọ̀rọ̀.

Torí ẹ̀ ni inú ṣe ń bí mi sáwọn tó ń ta fídíò fáwọn òbí pé á sọ ìkókó di olóye, tí wọ́n ń kọ "rìsáàṣì fi hàn" sára ẹ̀. Rìsáàṣì wo? Ìyá tọ̀sán yìí náà bi mí bóyá kóun rà á, mo ní kó má rà á, kó máa bá ọmọ ẹ̀ sọ̀rọ̀ bó ṣe ń bá a sọ ọ́ lójú wa yẹn.