Èjí tó yọ sí mi lẹ́nu ní Lọ́ńdọ̀nù

Mi ò gbé èjí wáyé o. Tí ẹ bá wo fọ́tò ìgbéyàwó wa n'Íbàdàn, eyín iwájú mi lẹ̀ mọ́ra gbágbá, òwú ò lè gba ibẹ̀ kọjá. Mo ti lo bíi ọdún mẹ́jọ ní Lọ́ńdọ̀nù kí àárín eyín òkè méjèèjì tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí díẹ̀díẹ̀, àwọn èèyàn sì ń yìn mí. Àwọn ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì á ní "Mọ́mì Tèmi, èjí yìí mà bá ẹ mu o", ọkọ mi náà ní ẹ̀rín mi tún ti dùn wò sí i, inú mi sì ń dùn. Ẹ ṣáà mọ bí a ṣe ka èjí sí lọ́dọ̀ wa, àwọn kan tiẹ̀ ń sanwó kí wọ́n bá wọn là á ni.

Gbogbo ìgbà yẹn mi ò dé ọ̀dọ̀ dókítà eyín rárá. Kí n rí dókítà eyín NHS, ìyẹn ètò ìlera ìjọba níbí, gan-an ò rọrùn, ẹ rántí ìlú Bristol ní February 2024 tí ọgọ́rọ̀ọ̀rún èèyàn tò síta torí ilé ìtọ́jú eyín kan ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí, títí ọlọ́pàá fi dé bẹ̀. Àmọ́ ká sọ òótọ́, eyín ò kúkú dùn mí, mo ṣì ń fọ́ eegun ẹran, kí ni mo fẹ́ lọ ṣe? Oyún èyí tó kẹ́yìn ló gbé mi lọ ní 2025, torí ọ̀fẹ́ ni fún aláboyún títí ọmọ á fi pé ọdún kan, láìjẹ́ bẹ́ẹ̀ £75.30 ni mi ò bá san.

Fọ́ọ̀mù tí wọ́n fún mi bi mí pé báwo ni mo ṣe rí ìlera ẹnu mi sí, mo sì máàkì "ó dáa gan-an". Mi ò parọ́. Ẹ̀jẹ̀ máa ń wà lára brọ́ọ̀ṣì láràárọ̀, àmọ́ bẹ́ẹ̀ náà ló rí fún màmá mi, wọ́n á ní brọ́ọ̀ṣì ló le.

Dókítà fi irin tín-ín-rín kan tó ní àmì lára bọ àárín eyín àti èrìgì, ó wá ń ka nọ́ńbà fún nọ́ọ̀sì: mẹ́ta, mẹ́rin, mẹ́ta, méjì, mẹ́rin, mẹ́ta. Ọ̀nà mẹ́fà ni wọ́n pín ẹnu sí, òdo ló dáa, mẹ́rin túmọ̀ sí pé irin yẹn wọlé ju mìlímítà 5.5 lọ. Ó fi X-ray hàn mí bí eegun tó di eyín mú ṣe ti jẹ wálẹ̀. Mo wá bi í pé èjí mi ńkọ́? Ó ní eyín ló ń sún kúrò láyè ẹ̀, torí ohun tó dì í mú ti ń dín kù. Ara mi tutù. Ó tún bi mí bóyá ẹnì kan nílé wa ní ìtọ̀ ṣúgà, torí òun àti àìsàn èrìgì máa ń ran ara wọn lọ́wọ́. Màmá mi ní in. Eyín wọn ti ń ká kí wọ́n tó pé 60, gbogbo wa ní àgbà ló dé.

Ó dà bíi pé ohun tí ojú wa bá rí láyìíká la máa ń pè ní "ó dáa". Níbi tí mo ti ń ṣe kẹ́à, ìyẹn iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó, màmá òyìnbó kan tó ti lé ní 90 sọ fún mi, bí mo ṣe ń fọ eyín àtọwọ́dá wọn lálẹ́, pé bàbá wọn ló sanwó kí wọ́n yọ gbogbo eyín wọn kí wọ́n tó relé ọkọ, kí ọkọ má baà náwó sí i lọ́jọ́ iwájú. Ẹ̀bùn ni! Lọ́dún 1968, 37 nínú 100 àgbà ní England àti Wales ni ò ní eyín tiwọn kankan mọ́, nígbà tó fi máa di 2009 ní England, wọ́n ti wálẹ̀ sí nǹkan bíi 6.

Wọ́n ti ha ìdọ̀tí tó le bí òkúta kúrò lábẹ́ èrìgì mi báyìí. Wọ́n ní kí n máa tu Maclean tó hó sẹ́nu dànù, kí n má fi omi ṣan ẹnu lẹ́yìn ẹ̀, ìyẹn ló ṣòro fún mi jù torí omi ife kan ni wọ́n fi tọ́ wa dàgbà.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá àbúrò mi fi fọ́tò ránṣẹ́ lórí WhatsApp: "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wò ó, èjí tiyín ti yọ sí èmi náà!" Mo pè é lójú ẹsẹ̀. Mo ní ṣé èrìgì ẹ máa ń ṣẹ̀jẹ̀? Ó ní "Ẹ̀n-ẹ́n, ìyẹn ti pẹ́ jàre." Mo ní kó tan tọ́ọ̀ṣì fóònù ẹ̀, kó dúró síwájú dígí, kó la ẹnu.