Rhiannon Giddens àti Tábáárákà inú wàláà mi

Láti ìgbà tí mo ti kírun Ìṣáì tán lánàá ni mo ti ń gbọ́ Rhiannon Giddens, akọrin ará Amẹ́ríkà, nínú yàrá mi ní Òkè-Ìmálẹ̀. Oorun ò tiẹ̀ wá sójú mi mọ́.

Ọmọ Greensboro ní North Carolina ni, wọ́n bí i ní 1977. Orin ọ́pẹ́rà, eré tí wọ́n ń fi orin ṣe, ló kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ Oberlin. Ṣùgbọ́n nígbà tó padà sílé, iwájú Joe Thompson lòun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ jókòó sí, bàbá aláwọ̀ dúdú kan tó ń ta fáólíìnì, tó sì ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún nígbà náà. Bàbá yìí ló fi orin ìran wọn lé wọn lọ́wọ́. Ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ Carolina Chocolate Drops ti jáde ní 2005, tí wọ́n sì gba ẹ̀bùn orin Grammy lẹ́yìn náà. Mo fẹ́ràn ọmọ tó bá mọ ibi tí wọ́n ń jókòó sí.

Bánjò ló ń ta. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ohun èèlò òyìnbó ni, bẹ́ẹ̀ àwọn ẹrú ilẹ̀ Áfíríkà wa ló gbé ìmọ̀ rẹ̀ lọ sókè òkun: akèrègbè, awọ, okùn. Ẹni tó bá ti rí gòjé rí ní Ìlọrin á mọ̀ pé ẹbí ni wọ́n.

Ní 2022, òun àti òǹkọrin Michael Abels gbé ọ́pẹ́rà kan jáde ní Charleston, wọ́n pè é ní Omar. Ó gba ẹ̀bùn Pulitzer lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ìmọ̀ ọ́pẹ́rà tó kọ́ ní Oberlin ló wá fi sin alfa kan! Omar ibn Said, ọmọ Futa Toro ní apá Senegal, ni wọ́n mú lẹ́rú ní 1807. Ó sá lọ́wọ́ olówó rẹ̀, wọ́n tì í mọ́lé ní Fayetteville, ló bá fi èédú kọ Lárúbáwá sára ògiri ẹ̀wọ̀n. Ní 1831, ó kọ ìtàn ara rẹ̀. Súrà Tábáárákà inú Kùránì ló fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Tábáárákà! Bàbá àgbà mi kọ ọ́ sí wàláà, pátákó ìkọ́kéwú, fún mi lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án. Tàdáwà, yíǹkì rẹ̀, máa ń yí mi lápá títí dé ìgúnpá. Tí mo bá ti há ibi tó kọ sórí, a ó fọ̀ ọ́ nù, á tún kọ èyí tó kù.

Ìyá mi yọjú lẹ́yìn Àsùbáà, wọ́n ní kí ló gbé mi jí títí báyìí. Mo ròyìn Omar fún wọn. Wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́ wọn, wọn ò kà á mọ́.

"Ẹ̀hn, ṣé wọ́n jẹ́ kó máa kírun níbẹ̀?"