Ẹ kú iṣẹ́ ní ilẹ̀ Írẹ́láńdì

Ọmọ Yorùbá kan kọjá lára àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní Dublin, ó ní "well done o". Wọ́n bá a wí: ṣé òun ni ọ̀gá wọn ni? Ọ̀rọ̀ náà dunni. Báwo lèèyàn á ṣe kọjá lára ẹni tó ń ṣiṣẹ́ kó má kí i?

Bẹ́ẹ̀, lórí ilẹ̀ yìí kan náà, àwọn àgbà wọn a máa wí pé "Bail ó Dhia ar an obair": kí Ọlọ́run bù sí iṣẹ́ yín. Láyé àtijọ́, níbi tí wọ́n bá ti ń gún ọ̀rá wàrà láti fi ṣe bọ́tà, èèwọ̀ ni kí àlejò wọlé kó má sọ ọ́. Kíkí nìkan ò sì tó. Ó gbọ́dọ̀ gba ọ̀pá, kó bá wọn gún un díẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ wọ́n á ní ó ti gbé oríire bọ́tà náà lọ.

Inú àgbá onígi ni wọ́n ti ń gún un, ọ̀pá gba inú ọmọrí rẹ̀ kọjá. Ọ̀rá náà kì í ju ìdajì àgbá lọ, torí ó máa ń wú. Ìgbóná digrí Celsius 14 sí 16 ló dára. Tó bá tutù jù, á kàn máa hó bí ọṣẹ ni; tó bá gbóná jù, bọ́tà á rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀. Tó bá tó nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ọ̀pá á wúwo lójijì, hóró bọ́tà wínníwínní á léfòó. Wọn á fi omi tútù fọ̀ ọ́ títí omi á fi mọ́, wọn á wá po iyọ̀ mọ́ ọn.

Ìgbà mìíràn kì í dì: àgbá dọ̀tí, tàbí wàrà màlúù ti fẹ́ gbẹ. Ta ló ní òṣùwọ̀n ìgbóná nígbà náà? Ìṣó bàtà ẹṣin ni wọ́n ń fi sábẹ́ àgbá, wọn ò sì ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mú ẹyin iná jáde, ì báà ṣe láti fi tan kòkò tábà.

Bọ́tà ni ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ fi ń san owó ilẹ̀. Bí kò bá dì, ẹnìkan ni yóò jẹ̀bi. Ẹni tó bá tọrọ iná tàbí wàrà láàárọ̀ ọjọ́ kìíní oṣù Karùn-ún ti kó sí wàhálà. Wọ́n ní àwọn obìnrin kan ń di ehoro láti mu ọmú màlúù. Àwa náà mọ ohun tí irú ọ̀rọ̀ yẹn ń fi ojú ìyá àgbà rí. Wọn á ki irin ìtúlẹ̀ bọ iná títí yóò fi pọ́n, kó lè máa jó olè náà lára. Wọ́n gbà pé ìrora ni yóò lé e wá. Obìnrin tó bá kọ́kọ́ kan ilẹ̀kùn, òun náà nìyẹn. Bóyá iyọ̀ ló wá tọrọ.