Kí Ẹ Tó Ka Eré Yín Síta: Ọ̀rọ̀ fún Ẹ̀yin Òǹkọ̀wé Eré Aláwọ̀ Dúdú

Ẹ̀yin àbúrò wa tí ẹ ń kọ eré ní Amẹ́ríkà àti ní Lọ́ńdọ̀nù, ohun tó ń ṣì yín lọ́nà jù nípa kíka eré síta ni pé ẹ rò pé àṣehàn ni. Àwọn òṣèré jókòó, ìwé wà lórí irin tí àwọn olórin ń gbé ìwé lé, kò sí aṣọ eré, kò sí iná aláràbarà. Etí ló ń ṣiṣẹ́. Òǹkọ̀wé wá gbọ́ ohun tó kọ ni. Ẹni tó bá torí àtẹ́wọ́ wá yóò gba àtẹ́wọ́, yóò sì kó àléébù eré rẹ̀ padà sílé bó ṣe kó o wá.

Ọ̀nà yìí ti pẹ́ láàárín wa. Ní ilé eré Royal Court ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí Wọlé Ṣóyínká ti ń bá wọn ka ìwé eré tí àwọn èèyàn fi ń ránṣẹ́, ni wọ́n ti gbé eré rẹ̀ kan jáde ní 1959, lálẹ́ ọjọ́ Àìkú, láìsí ọ̀ṣọ́ ìtàgé. Ní Harlem, àdúgbò àwọn aláwọ̀ dúdú ní New York, Garland Lee Thompson àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dá Frank Silvera Writers' Workshop sílẹ̀ ní 1973: wọn á ka eré tuntun, àwọn tó gbọ́ ọ á sì sọ̀rọ̀ lé e lójú òǹkọ̀wé. August Wilson, òǹkọ̀wé eré aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà, fi ìwé eré ránṣẹ́ sí O'Neill, ibùdó tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ lórí eré tuntun ní Waterford, Connecticut, wọ́n dá a padà fún un lẹ́ẹ̀mélòó kan kí wọ́n tó gba Ma Rainey's Black Bottom ní 1982. Lloyd Richards ló ń darí ètò náà nígbà yẹn. Eré yẹn dé ilé eré Yale ní 1984, ó sì dé Broadway, àwọn ilé eré ńlá New York, lọ́dún kan náà. Ẹ wo ọdún méjì tó wà láàárín: iṣẹ́ ló wà níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí ìwé fúnra rẹ̀. Wọ́n máa ń sọ pé ojú ìwé kan jẹ́ ìṣẹ́jú kan. Ẹ má gbára lé e. Ojú ìwé tí ọ̀rọ̀ kúkúrú ti ń lọ tó ń bọ̀ láàárín èèyàn méjì kì í tó ìṣẹ́jú kan; èyí tí ẹnì kan ti ń dá sọ̀rọ̀ lè tó méjì. Ẹ fi aago sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ẹ ka gbogbo rẹ̀ sókè nílé. Ojú kan ṣoṣo ni kí ẹ tẹ ìwé sí lára bébà, kí ṣíṣí rẹ̀ má baà pariwo, kí ẹ sì kọ déètì sókè ojú ìwé kọ̀ọ̀kan. Òṣèré tó mú ẹ̀dà oṣù tó kọjá wá ti ba ọ̀pọ̀ ìrọ̀lẹ́ jẹ́. Bí ẹ bá fi ojú ìwé tuntun kún un lẹ́yìn tí wọ́n ti gba ìwé, ẹ má yí nọ́ńbà gbogbo rẹ̀ padà. Ẹ pè é ní 42A, 42B, kí ẹ sì tẹ̀ ẹ́ sórí bébà aláwọ̀ mìíràn.

Àlàyé ìṣe, ìyẹn àwọn ọ̀rọ̀ tó ń sọ ẹni tó wọlé àti ohun tó ń ṣe, ẹ wá ẹnì kan tí kò ní kó ipa kankan láti kà á. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni yóò kà. Ẹ fi pẹ́ńsù yí èyí tó pọn dandan po: wíwọlé, jíjáde, ìgbátí, ìdákẹ́jẹ́ tó yí ọ̀rọ̀ padà. Àwọ̀ àga kò kan etí ẹnikẹ́ni. Ohùn alálàyé yìí ló ń pa àwàdà jù lọ, nítorí ó ń wọlé sáàárín ìbéèrè àti èsì tó yẹ kó tẹ̀ lé e kíákíá.

Nígbà tí ẹ bá ń yan òṣèré, ẹ fi etí yàn wọ́n. Obìnrin méjì tí ọjọ́ orí wọn sún mọ́ra, tí ohùn wọn sì jọra, yóò da olùgbọ́ láàmú, nítorí kò sí aṣọ tó máa yà wọ́n sọ́tọ̀. Orúkọ náà ńkọ́? Táíwò, Táyọ̀ àti Tádé nínú eré kan ṣoṣo, ọkàn àwọn tó ń gbọ́ yóò pòrúúrù kí apá kìíní tó parí. Tí Yorùbá bá wà nínú eré yín, òṣèré tó dàgbà sí Chicago kò lè fi ojú lásán mọ ìyàtọ̀ ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀. Ẹ gba ohùn yín sílẹ̀ lórí fóònù, gbólóhùn kan lẹ́ẹ̀kan, kíákíá lẹ́ẹ̀kan, díẹ̀díẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì fi ìtumọ̀ rẹ̀ ránṣẹ́ sí i ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú. Ẹ yẹ ìwé tí ẹ tẹ̀ wò pẹ̀lú. Àwọn lẹ́tà kọ̀ǹpútà kan máa ń gbé àmì ohùn jù nù tàbí kí wọ́n sọ ọ́ di àpótí kékeré.

Àkókò wá ńkọ́? Ètò tí wọ́n mọ̀ jù lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ àwọn òṣèré ní Amẹ́ríkà ni ti wákàtí 29, ìdánrawò àti kíkà pa pọ̀, ìwé sì gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ òṣèré. Tó bá jẹ́ ọjọ́ kan péré lẹ ní, ẹ kà á láàárọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìdúró, ẹ sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan, ẹ wá ṣiṣẹ́ lórí ibi mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó le jù, kí àwọn òṣèré sì sinmi wákàtí kan àbọ̀ kí ilẹ̀kùn tó ṣí. Tó bá jẹ́ ọ̀sẹ̀ kan, ẹ má kọ ohunkóhun mọ́ láti ọ̀sán ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ kíkà. Òṣèré yóò kọsẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí, ẹ̀yin yóò rò pé ọ̀rọ̀ náà ló burú, ẹ ó sì yọ ohun tó dáa kúrò. Ọjọ́ Ajé dára fún irú ètò báyìí, torí ọ̀pọ̀ ilé eré Broadway máa ń ti ilẹ̀kùn lọ́jọ́ náà, ọwọ́ àwọn òṣèré á sì dilẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an ni ẹni tó jókòó nínú yàrá. Olùgbọ́ tó jẹ́ aláwọ̀ dúdú máa ń dáhùn padà: á ní "hẹ̀n-ẹ́n!", á rẹ́rìn-ín níbi tí ẹ kò retí, á kìlọ̀ fún ẹni tó wà lórí ìtàgé. Ó jọ elégbè pẹ̀lú olórin tó ń lé orin. Bí gbogbo àwọn tó wá bá jẹ́ àwọn tó máa ń ra tíkẹ́ẹ̀tì lọ́dọọdún tí wọ́n sì ń jókòó jẹ́ẹ́, ìdákẹ́jẹ́ wọn lè jẹ́ ọ̀wọ̀, ó lè jẹ́ pé kò yé wọn, ẹ kò sì ní mọ èyí tó jẹ́. Nítorí náà, ẹ bá ilé eré sọ ọ́ ṣáájú pé kí wọ́n fi ìdámẹ́ta àga sílẹ̀ fún àwọn tí ẹ̀yin fúnra yín máa pè: àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn onídìrí, àwọn onígbàjámọ̀, àwọn tó ń lọ sí ilé ìkàwé àdúgbò. Pípè náà gbọ́dọ̀ jẹ́ láti ẹnu sí etí, nítorí ìwé ìpolówó tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà ilé eré kì í dé ọ̀dọ̀ wọn.

Ẹ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan níbi tí ẹ ti máa rí ojú olùgbọ́. Ẹ má fi ojú bá ìwé lọ. Ẹ fa ìlà kékeré síbi tí wọ́n ti ń húkọ́ tàbí tí wọ́n ń yí ìdí padà, ẹ sì fi àmì òdo kan síbi ẹ̀rín. Tí ìlà mẹ́ta bá ti jọ pọ̀ lójú ìwé kan, ẹ wo ojú ìwé mẹ́wàá tó ṣáájú rẹ̀. Ibẹ̀ ni àárẹ̀ ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀.

Ìjíròrò lẹ́yìn kíkà ni mo bẹ̀ yín pé kí ẹ má fi ṣeré. Ẹlòmíràn ni kó darí rẹ̀, kó má ju ìṣẹ́jú 20 lọ. Ìlànà tí Liz Lerman, oníjó ará Amẹ́ríkà, gbé kalẹ̀ wúlò púpọ̀. Lákọ̀ọ́kọ́, àwọn olùgbọ́ á sọ ohun tó ní ìtumọ̀ sí wọn. Òǹkọ̀wé á wá béèrè tirẹ̀. Lẹ́yìn náà, àwọn olùgbọ́ á béèrè ìbéèrè tí kò ní ìdájọ́ nínú. Ìkẹyìn ni èrò, ẹni tó bá sì ní in gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tọrọ àyè: "Mo ní èrò kan nípa ìyá yẹn, ṣé ẹ fẹ́ gbọ́?" Ẹ lè sọ pé rárá. Ẹ mú ìbéèrè mẹ́ta tó ṣe pàtó lọ. "Ṣé ẹ fẹ́ràn rẹ̀?" kò wúlò. "Ìgbà wo lẹ mọ̀ pé ọmọ náà ń purọ́?" ló ń mú èsì wá.

Ẹnì kan yóò dìde béèrè bóyá bí nǹkan ṣe rí nílé yín nìyẹn, tàbí kí ẹ ṣàlàyé gbogbo ìran aláwọ̀ dúdú fún òun. Irú ìbéèrè yìí lè jẹ gbogbo àkókò tán, kí ẹ má sì rí nǹkan kan kọ́ nípa eré yín. Ẹ bá olùdarí ìjíròrò sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé èsì rẹ̀ ni, "Níbo nínú eré lẹ ti gbọ́ èyí?" Kò sí àrífín níbẹ̀, ó ń dá ọ̀rọ̀ padà sórí iṣẹ́ ni.

Lórí ìwé àdéhùn, ojú ìwé kan tó: déètì, owó yín, owó àwọn òṣèré, ẹ̀yin lẹ ni ẹ̀tọ́ ìwé náà, kí ẹnikẹ́ni má yí ọ̀rọ̀ kankan padà láìgba àṣẹ, kí wọ́n má gbé fídíò rẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Dramatists Guild, ẹgbẹ́ àwọn òǹkọ̀wé eré ní Amẹ́ríkà, dúró gbọn-in lórí ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé. Ilé eré tó kà á lásán kò yẹ kó gba ìdá kankan nínú owó tí eré náà máa pa lọ́jọ́ iwájú. Ẹ ka gbólóhùn yẹn lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ tó tọwọ́ bọ̀ ọ́.

Ọ̀kan wà tó ń dùn wá gidigidi. Eré àwọn aláwọ̀ dúdú pọ̀ tí wọ́n ti kà níbí, kà lọ́hùn-ún, tí ẹnikẹ́ni kò gbé jáde rí. Kíkà kò wọ́n, ilé eré sì lè fi kún àkọsílẹ̀ rẹ̀ pé òun ń ràn yín lọ́wọ́. Tí wọ́n bá ti kà á síta lẹ́ẹ̀mejì, ẹ béèrè kí ẹ tó gba ẹ̀kẹta: ta ni olùdarí eré tó máa wá gbọ́ ọ, kí ló ṣì yẹ kó yí padà nínú rẹ̀, ìgbà wo ni ẹ máa dá mi lóhùn bóyá ẹ ó gbé e jáde? Tí wọn kò bá lè dáhùn èyí tó kẹ́yìn, ẹ gbé eré náà sórí New Play Exchange lórí íntánẹ́ẹ̀tì, níbi tí àwọn ilé eré mìíràn ti lè kà á, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ èyí tó kàn.