Irin ààbò abẹ́ ẹ́ńjìnnì Hilux

Hilux oko kan la ṣe irin abẹ́ rẹ̀ tán ní ṣọ́ọ̀bù lónìí. Ọ̀nà tó ń gbà kún fún òkúta àti kùkùté. Ike ààbò tó bá a wá ti fọ́ yánnayànna.

Irin pẹlẹbẹ 4 mm la lò, 70 cm ní ìbú, 60 cm ní gígùn, nǹkan bíi kílò 13. Ẹ má jẹ́ kí wẹ́dà fi 2 mm tàn yín: òkúta ńlá kan péré á tẹ̀ ẹ́ lu ọpọ́n ọ́ìlì tó wà lábẹ́ ẹ́ńjìnnì. Páálí la kọ́kọ́ gé tí a fi wọn abẹ́ ọkọ̀. Àyè 3 cm gbọ́dọ̀ wà láàárín irin àti ọpọ́n ọ́ìlì. A tẹ etí iwájú sókè, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ńṣe ni yóò máa walẹ̀ bí ọkọ́.

Ihò 8 cm wà lára irin náà níbi tí wọ́n ti ń tú ọ́ìlì dànù. Ẹni tó bá gbàgbé ìyẹn, mẹkáníìkì á ṣépè fún un!

Ẹ má jó irin náà mọ́ ṣáásí, ìyẹn egungun irin ọkọ̀, o. Bóòtù M10 (10 mm ní ìnípọn) mẹ́rin ló dè é, kó lè ṣeé tú. Ihò gbọọrọ la lu fún wọn, torí iná wẹ́dà máa ń ká irin kò, ihò róbótó kì í sì í ṣe déédéé mọ́. Òkúta máa ń gé orí bóòtù tó bá yọ síta, nítorí náà a jó òrùka irin yí ọ̀kọ̀ọ̀kan ká.

Tó bá di dandan kí ẹ jó nǹkan mọ́ ọkọ̀ gan-an, ẹ kọ́kọ́ yọ wáyà bátìrì, kí iná má baà ba brain box, ìyẹn kọ̀ǹpútà ọkọ̀, jẹ́.