Bí ìdí ọkọ̀ Nissan Skyline R32 bá ń jó síhìn-ín sọ́hùn-ún lójú ọ̀nà

Má tíì di ẹ̀bi ru kọ̀ǹpútà HICAS, ẹ̀rọ tó ń darí táyà ẹ̀yìn díẹ̀ bí ọkọ̀ bá ń yà. Fi jáàkì gbé ẹ̀yìn ọkọ̀ sókè, gbé e lé sítáǹdì, di táyà mú lọ́tùn-ún lósì, kí o mì í dáadáa. Bó bá ń dún kọ́-kọ́-kọ́, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé bọ́ọ̀lù jọ́ìntì ẹ̀yìn ló ti jẹ. HICAS kì í yí táyà ẹ̀yìn ju nǹkan bíi dígírì 1 lọ, nítorí náà àlàfo bíńtín ti tó láti da ọkọ̀ láàmú.

Fíùsì HICAS yíyọ nìkan kò tó: sítíárìn lè wúwo, àlàfo yẹn á sì wà níbẹ̀ síbẹ̀. Yọ ráàkì ẹ̀yìn, ìyẹn apá HICAS tó ń darí táyà ẹ̀yìn, kúrò, fi lock bar (ọ̀pá irin tí kì í jẹ́ kí táyà ẹ̀yìn yà sọ́tùn-ún sósì mọ́) rọ́pò rẹ̀. Ọ́ìlì ló ń ti ráàkì R32, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe dí páìpù tó ti pọ́ǹpù wá pa! Ẹ so ó mọ́ èyí tó ń dá ọ́ìlì padà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ pọ́ǹpù á jóná. Ẹ ṣe aláínmẹ́ǹtì ẹ̀yìn (títò táyà kí wọ́n dúró gún) lọ́jọ́ náà gan-an.